Ilé Ẹmu àti Ààrò Àsun: Bí Ohun Mímu Ṣe Kọ́ Ilé Fún Ara Rẹ̀

Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí adẹ́mu bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní kùtùkùtù, dídùn ló máa ń dùn mìnìjọ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, ó ti ń hó, ó ti ń pa ènìyàn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, ó ti kan. Omi ọ̀pẹ kún fún ṣúgà, ìwúkàrà àti kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ kó tó kúrò lórí igi pàápàá. Láàárín wákàtí díẹ̀, agbára ọtí inú rẹ̀ á ti tó nǹkan bí ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń di ọtí kíkan nìyẹn.

Ìyára ẹmu yìí ló kọ́ ilé tí wọ́n ti ń mu ún. Láti orí òkè Ìdànrè títí dé Èkó, ìtàn ibi tí àwọn Yorùbá ti ń jókòó mu ẹmu, tí wọ́n sì ti ń jẹ ẹran sísun, jẹ́ ìtàn ilé tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ògiri, tí kò ní pẹpẹ ìkó-nǹkan-sí, tí kò sì nílò kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tọ́jú síbẹ̀ di ọ̀la. Ìgbà tí ọtí inú ìgò dé ni ògiri dé, tí káńtà tẹ̀ lé e, tí àgádágodo sì bọ́ sẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Lábẹ́ ọ̀pẹ, nínú ahéré

Ìdànrè wà láàárín igbó kìjikìji ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àpáta ńláńlá yí ìlú náà ká, oko kòkó sì yí àpáta ká; ó wà lára àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Láàárín kòkó náà ni ọ̀pẹ ti ń yọ orí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹmu ọ̀pẹ ni ti ibẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù ìpínlẹ̀ náà, lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ ní Òkìtìpupa àti àwọn Ìlàjẹ tó wà létí òkun, ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ àbàtà, ògùrọ̀ ló sì gbajúmọ̀ níbẹ̀. Igi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń dá ti ọ̀pẹ, igi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń dá ògùrọ̀, àmọ́ ìṣòro kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì jà: wọn kì í pẹ́.

Adẹ́mu a máa fi igbà gun ọ̀pẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó bá ti sọ ẹmu kalẹ̀ ni ilé ẹmu àkọ́kọ́. Wọ́n á ri igi aláfọ̀ǹká mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á to ọparun sórí rẹ̀, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ahéré dé nìyẹn. Ìtì igi tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ ni àga. Igi tó so èso tó fún wọn ní epo, tó tún fún wọn ní ẹmu, òun náà ló fún wọn ní òrùlé. Bí òjò bá sì ba òrùlé náà jẹ́, ọ̀pẹ kò lọ ibì kan.

Inú irú ahéré bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbàṣe inú oko kòkó ti máa ń jókòó lẹ́yìn iṣẹ́. Ní àsìkò ìkórè, tó máa ń gbóná jù láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, owó a máa wọ abà, èrò a sì máa pọ̀ lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Bí àsìkò bá kọjá, ahéré lè wó lulẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní torí ẹ̀ ṣọ̀fọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé

Láàárín ìlú, wọn kì í kọ́ ilé kan sọ́tọ̀ fún ẹmu láyé àtijọ́. Ẹmu ló ń wá bá ènìyàn nílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sí, ìyẹn ibi gbọọrọ tí òrùlé bò, tó dojú kọ àgbàlá, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí òjò kò sì lè dé. Agbo ilé Yorùbá tó péye a máa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá rẹ̀ ká, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ti ojú ọ̀run bọ́ sí àárín.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣì wà lórí òkè Ìdànrè. Orí òkè náà ni àwọn ará ìlú ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn kó tó dé ibẹ̀ lónìí. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá àti òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, àjọ UNESCO sì ti kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí ìdánimọ̀ àgbáyé láti ọdún 2007. Ẹni tó bá dúró sí àárín àgbàlá bẹ́ẹ̀ á rí i bí wọ́n ṣe ṣètò ìjókòó: ọba tàbí baálé lápá ibi tó ga, àwọn àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí ògiri, àwọn ọ̀dọ́ sún mọ́ àgbàlá.

Ètò ìjókòó yìí ló ń darí ètò mímu. Ẹni tó kéré jù láàárín wọn ló ń bu ẹmu. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí agbè, yóò ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, yóò tọ́ ọ wò kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bù ú fún àgbà jù lọ. Nítorí náà, agbè kò gbọ́dọ̀ wà ní kọ̀rọ̀. Àárín gbùngbùn ló ń wà, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí ọwọ́ ẹni tó ń bù ú. Ibi tí ilé ọtí ìlú mìíràn ti fi káńtà pín olùtajà àti oníbàárà níyà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi agbè kan kó gbogbo wọn jọ.

Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, ilé ọ̀mùtí tó ń sọ ìtàn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wá bá a mu, kì í ṣe ilé ọtí. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tó ní ọ̀pẹ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan sílé. Nígbà tí adẹ́mu náà já lulẹ̀ tó kú, ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ náà sì pòórá. Tutuola mọ̀ pé àdúgbò kan kò nílò ilé ẹmu bí adẹ́mu bá ti wà.

Ohun èlò inú ilé

Ohun ọ̀ṣọ́ ilé ẹmu àtijọ́ kò ju ohun tí wọ́n fi ń mu ún lọ. Agbè ni wọ́n fi ń gbé ẹmu, igbá tàbí ahá ni wọ́n fi ń mu ún, igi àti ewéko ló sì fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Ìdí igbá rí róbótó, kò lè dúró lórí tábìlì gbẹrẹgẹdẹ. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mu ún tán kó tó gbé e sílẹ̀ tàbí kó dá a padà fún ẹni tó ń bu ẹmu. Ìdí nìyí tí tábìlì kò fi sí nínú ilé ẹmu fún ìgbà pípẹ́. Àpótí kúkúrú, ẹní, àti bẹ́ǹṣì pákó tó bá yá ti tó. Ọpọ́n ayò a máa wà lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn méjì, àwọn yòókù a sì dúró lé wọn lórí máa wò.

Nígbà tí kọ́ọ̀bù gíláàsì àti ife onírin wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò òkèèrè, tábìlì wọlé tẹ̀ lé wọn. Ife ní ìdí pẹrẹsẹ, ó fẹ́ ibi tí yóò dúró sí. Lẹ́yìn náà ni jálá ike gba ipò agbè. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, ọ̀kadà sì lè gbé mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò lẹ́wà. Látìgbà náà ni agbè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílẹ̀, tó ń lọ sórí ògiri gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́.

Iná kì í wọlé

Ẹni tó ń mu ẹmu a máa fẹ́ ẹran. Ẹran ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ bá a rìn: ọ̀yà, ẹtu, òkété, tí ọdẹ sun tàbí tí wọ́n fi ata sè. Àmọ́ ní àgbègbè Oǹdó, àsun ló gbajúmọ̀ jù. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pa fún un. Wọ́n á wí irun rẹ̀ níná, wọ́n á là á, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí iná igi títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, èéfín á sì wọ ẹran náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ayẹyẹ ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Èkó ló ní ibùdó àsun tirẹ̀, àmọ́ orúkọ Oǹdó ló ṣì ń tẹ̀ lé e.

Àsun ń fẹ́ èéfín. Igi ìdáná ni wọ́n fi ń ṣe é, èéfín yẹn wà lára adùn rẹ̀. Fún ìdí yìí, ààrò rẹ̀ kò lè wọlé. Ẹ̀yìnkùlé tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń wà, níbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé èéfín kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kó tó ri òkúta ààrò mẹ́ta mọ́lẹ̀ tàbí kó gbé àgbá irin tí wọ́n là sí méjì kalẹ̀.

Sùyà mú ètò mìíràn wá láti òkè Ọya. Bí àwọn oníṣòwò Hausa ṣe ń dúró ní ìlú Yorùbá, àdúgbò tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Sábó, ń dìde: ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1916, Ilé-Ifẹ̀ àti Ṣágámù ní tiwọn náà. Onísùyà a máa fi ẹran sára igi tẹ́ẹ́rẹ́, á gún àwọn igi náà yí iná ká lórí òkítì amọ̀ róbótó, tàbí kó tẹ́ wọn sórí wáyà. Àpótí onígíláàsì kékeré àti àtùpà ló fi ń pe èrò lálẹ́. Kì í ta ọtí. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ó ń dúró síta ilé ọtí, oníbàárà á ra ẹran níta, wọ́n á fi bébà dì í, á sì gbé e wọlé lọ bá ọtí rẹ̀. Òwò méjì, ìsìn méjì, ojúbodè kan náà: ètò yìí wà ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ọtí ní ilẹ̀ Yorùbá títí di òní.

Bí àwọn ará Jàpáànù ṣe gbé iná wọlé

Ní Jàpáànù, ọtí àti ẹran sísun jọ pàdé bákan náà, àmọ́ inú ilé ni wọ́n ti pàdé. Ọtí wọn, sake, ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, agbára rẹ̀ a máa tó nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, ó sì lè pẹ́ nínú àgbá igi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tó bá lè pẹ́ yẹ kó ní ilé. Ní ìlú Edo, tó di Tokyo lónìí, àwọn tó ń ta ọtí náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí oníbàárà jókòó mu ún nínú ilé ìtajà. Toshimaya, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1596, di olókìkí nítorí ẹ̀wà sóyà dídì tí wọ́n sun lórí igi tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀. Irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ni ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní izakaya ti ṣẹ̀.

Adìyẹ sísun orí igi, yakitori, wá lẹ́yìn. Èédú kan tí wọ́n ń fi igi líle ṣe ní àgbègbè Kishū, tí wọ́n ń pè ní binchōtan, ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti sun ún nínú ilé, nítorí pé ó ń jó pẹ́, èéfín rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èyí ló mú kí alásè lè dúró lẹ́yìn káńtà tóóró, kí iná wà láàárín òun àti oníbàárà, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, irú yàrá bẹ́ẹ̀ kún abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní Yūrakuchō àti ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Shinjuku. Àwọn kan kò gbà ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. Aṣọ tí wọ́n là sí ọ̀nà púpọ̀, noren, a máa rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ti ṣí. Àtùpà bébà pupa a máa tàn. Àwọn tó ń ṣe ọtí a sì máa fi ewé igi kédárì ṣe bọ́ọ̀lù ńlá kọ́ síwájú ilé nígbà tí ọtí tuntun bá dé: àwọ̀ ewé ni ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá sì ṣe ń gbẹ ni àwọn ènìyàn fi ń mọ bí ọtí ṣe ń dàgbà sí.

Ọtí tó ń dàgbà fún oṣù, èédú tí kò léèfín: ohun méjì yìí ló kọ́ yàrá náà. Ìdànrè kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Yàrá ẹ̀yìn

Ohun mímu kan wà tó ń pẹ́ tó sì ti wà láàárín wa tipẹ́, àmọ́ òfin lé e wọ kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá se ẹmu tàbí ògùrọ̀ tó ti kan, tí wọ́n fa ooru rẹ̀ gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ògógóró ló ń dà. Ìjọba amúnisìn ti ń bá ọ̀rọ̀ ọtí líle fà á tipẹ́. Ní ọdún 1909 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí òwò ọtí ní gúúsù Nàìjíríà, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà sì wà lára àwọn tó ń pariwo jù. Ní ọdún 1919, wọ́n fòfin de ọtí olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Yúróòpù wọlé, wọ́n sì ka ọtí tí ará ilé bá sè sí ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1930, sísè ògógóró ti tàn káàkiri etí odò láti Ìlàjẹ dé ìhà Delta. Àwọn tó ń tà á kò lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n bọ́ sí: fèrèsé kékeré, àtùpà kan, ife kékeré, kò sí pátákó orúkọ, ìlẹ̀kùn méjì kí ènìyàn lè rí ibi sá gbà bí ọlọ́pàá bá dé. Bí ẹmu ṣe wà ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni ògógóró wà ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn òmìnira ni ojú òfin fúyẹ́ lórí rẹ̀, àmọ́ títí di òní, ibi tí wọ́n ti ń ta páráágá àti ọtí líle ìbílẹ̀ ṣì máa ń jẹ́ ibi tóóró tí ènìyàn ń dúró mu ún, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Orin, ọparun àti ọ̀dà

Ìlú ńlá ló kọ́kọ́ sọ ibi mímu ẹmu di yàrá tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò Ọlọ́wọ̀gbówò máa ń kóra jọ mu, kọrin pẹ̀lú gìtá. Tunde King jáde láàárín wọn, ó sì gba orin rẹ̀ sínú àwo ní ọdún 1936. Bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú kékeré ni ohun èlò rẹ̀, ohùn wọn kò ju ohun tí yàrá kan lè gbà lọ. Nígbà tí Akanbi Wright fi gángan sí irú orin yìí, tí wọ́n ń pè ní jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1948, tí ẹ̀rọ agbóhùnga sì dé, orin náà kúrò ní yàrá, ó fẹ́ àgbàlá. Ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibi ìjó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ láàárín, pèpéle fún àwọn onílù níwájú, àga yí i ká.

Olórin Bobby Benson sọ ọparun di ohun ìgbàlódé. Ilé ìgbafẹ́ rẹ̀, Caban Bamboo, ní ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, gbé orúkọ ọparun sórí pátákó, ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn olówó Èkó wọ kóòtù wá jókòó sí ibi tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ahéré.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Duro Ladipo, òṣèré tíátà, ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, ní ọdún kan lẹ́yìn tí Wole Soyinka, Chinua Achebe, Ulli Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Ladipo sọ ilé ọtí yìí di Mbari Mbayo. Àwòrán gorí ògiri, eré orí ìtàgé gba àgbàlá. Àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Jacob Afolabi, Rufus Ogundele àti Twins Seven Seven ti àyíká ibẹ̀ jáde. Ibi tó ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀ ti ní gbogbo ohun tí ilé eré ń fẹ́: àgbàlá gbangba, ibi ìjókòó, ẹnu ọ̀nà tó dojú kọ títì, àti èrò tó ti mọ̀nà ibẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Kegite, ẹgbẹ́ àwọn amẹmu, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, gbé igbá, agbè àti màrìwò wọ inú ọgbà ilé ìwé, wọ́n sì ń pe ibi ìpàdé wọn ní ìlyà.

Ìgò, káńtà, fíríìjì

Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Ìgànmú, Èkó, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní ọdún 1962. Trophy bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1978, ó sì sún bíà mọ́ àwọn ìlú Èkìtì àti Oǹdó. Nígbà tí ìjọba dá ọkà báálì tó ń ti òkèèrè wá dúró ní ọdún 1988, àwọn apọntí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí ìyá wa àgbà ti fi ń pọn ọtí ọkà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ tipẹ́.

Bíà inú ìgò yí yàrá padà pátápátá. Ó lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan, nítorí náà ó nílò ibi ìkó-nǹkan-sí. Olè lè gbé e, nítorí náà ó nílò ìlẹ̀kùn irin. Tútù ló dáa, nítorí náà ó nílò fíríìjì àti iná mànàmáná. Ìgò òfìfo ní owó lórí, nítorí náà kéréètì gbọ́dọ̀ wà. Olùtajà kúrò láàárín àwọn oníbàárà, ó lọ sẹ́yìn káńtà, ní ibi tí wọ́n sì ń pẹ́ lálẹ́ wọ́n fi irin bò ó níwájú. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì rọ́pò amọ̀, páànù rọ́pò imọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kun ògiri lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè lè fi àwọ̀ ògiri mọ ọtí tí wọ́n ń tà kó tó ka pátákó.

Inú yàrá náà ní àṣà tirẹ̀. Kọ́tìnì a máa rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, nígbà mìíràn ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n so kọ́ bẹẹrẹbẹ, kí ẹni tó wà níta má mọ ẹni tó wà nínú. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá a máa wà lára ògiri, àwòrán eléré bọ́ọ̀lù, àti pátákó kékeré tó ń sọ pé kò sí àwìn lónìí, kí oníbàárà padà wá lọ́la. Àga ike tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí Henry Massonnet ti ilẹ̀ Faransé gbé irú rẹ̀ kan jáde ní ọdún 1972, ló gba ipò bẹ́ǹṣì. Ó ṣeé tò léra wọn lálẹ́, òjò kò lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ń fipá mú ènìyàn jókòó ti ara wọn. Àga ike ya olúkúlùkù sọ́tọ̀.

Bí ẹmu ṣe bá yàrá tuntun pàdé

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti dá ẹmu dúró. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, FIIRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ṣe iṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè fi ooru pa àwọn kòkòrò inú ẹmu kí wọ́n lè rọ ọ́ sínú ìgò. Ní Gánà, ilé iṣẹ́ Nkulenu tí Esther Ocloo dá sílẹ̀ ń rọ ẹmu sínú ìgò ránṣẹ́ sí òkè òkun, àwọn ọmọ Yorùbá ní London sì ń rà á lórí pẹpẹ ilé ìtajà oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹmu inú ìgò kò nílò ahéré, kò sì nílò ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nílé, fíríìjì ló yí ọ̀rọ̀ padà jù. Òtútù kì í dá ìwúkàrà dúró pátápátá, àmọ́ ó ń dẹ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní fírísà lè ra ẹmu òwúrọ̀ kó sì tà á lálẹ́, èyí tí kò ṣeé ṣe fún bàbá rẹ̀. Látìgbà náà ni ẹmu ti ń bá bíà gbé abẹ́ òrùlé kan náà, tí ilé ẹmu sì ń jọ ilé bíà. Apá kejì rẹ̀ ni pé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ńlá ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ń kọ́ ahéré olórùlé imọ̀ sí inú ọgbà wọn, wọ́n ń fi igbá gbé ẹmu wá fún àlejò, wọ́n sì ń so agbè rọ̀ bí àtùpà. Ohun tí àìní kọ́ sínú oko ni owó ń kọ́ sí ìgboro.

Iná igi nìkan ni kò tíì rí ọ̀nà wọlé. Àsun ní Ìdànrè ṣì ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, igi ṣì ni wọ́n fi ń dá a. Ní London, àwọn ilé oúnjẹ Nàìjíríà bíi 805 ní Old Kent Road, tó ti wà láti ọdún 2001, bá ara wọn ní ìlú tí òfin ti ń ṣọ́ èéfín láti ọdún 1956, lẹ́yìn tí kùrukùru èéfín ọdún 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Púpọ̀ nínú àwọn alásè ibẹ̀ ń sun ẹran nínú ẹ̀rọ onígáàsì tàbí oníná mànàmáná lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ògiri. Oníbàárà tó ní kí wọ́n gbé àsun wá níbẹ̀ kì í rí iná tí wọ́n fi sun ún, àwọn kan sì máa ń sọ pé òórùn igi kò sí lára rẹ̀.